Ìfẹ́ Ló Ba Ìbò Jẹ́

Òkúta tí wọ́n fẹ́ fi yan kókò ti pọ́n nínú iná, wọ́n ti bó kókò tán, omi àgbọn ti wà nínú igbá. Àwọn obìnrin ìran Ẹyẹ Ńlá jókòó yí ààrò ká létí òkun, Màmá Noselin ló sì ń sọ̀rọ̀. Bí Màmá Noselin bá ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ó ku ọjọ́ mẹ́rin," ló wí. Igi ló fi ń yí òkúta padà. "Ẹ jẹ́ kí n tún un bi yín, torí orí àwọn kan nínú yín ń jò bí ajere. Kí ni nọ́ńbà Elsi?"

"Mẹ́rìnlá," ni wọ́n dáhùn.

"Àlàfo mélòó ló wà nínú ìwé ìdìbò?"

"Mẹ́ta."

"Kí lẹ máa kọ sínú wọn?"

"Mẹ́rìnlá, mẹ́rìnlá, mẹ́rìnlá."

"Ẹ káre. Àkọ́kọ́ fún ẹnu wa, ìkejì fún ọkàn wa, ìkẹta kí ojú lè ti Benias."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Elsi fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń yọ́ rẹ́rìn-ín, ó ń wẹ kókò lọ. Ọmọ àbúrò Noselin ni, òun ló sì ń du ipò kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wọn.

Apelis, ọkọ Noselin, jókòó sábẹ́ igi lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń jẹ búáì tirẹ̀, èso tí wọ́n ń fi ẹfun jẹ bí ẹni jẹ obì, ẹnu rẹ̀ pọ́n bí ẹni mu ẹ̀jẹ̀. "Ìyá Rina," ló pè é, "ṣé Elsi mẹ́ta ló ń dupò ni?"

"Bàbá Rina, ẹ máa jẹ búáì yín. Ọ̀rọ̀ Ẹyẹ Ńlá kò kan Ẹyẹ Kékeré."

Ní abúlé yìí, ní erékùṣù Niu Ailan, ẹyẹ ni gbogbo ènìyàn, orúkọ ìran wọn nìyẹn. Ẹni tí kò bá jẹ́ Ẹyẹ Ńlá, Ẹyẹ Kékeré ni. Ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti ń jogún ẹyẹ. Ẹyẹ kan kì í sì í fẹ́ irú ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ilé kan tí ẹyẹ méjèèjì kì í ti í sùn lórí ẹní kan náà. Ogójì ọdún ni Noselin ti ń bá Ẹyẹ Kékeré tirẹ̀ sùn. Kò ì tíì jẹ́ kó borí nínú àríyànjiyàn lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ Noselin lọ́kàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹyẹ. Odò ni.

Odò kan là á kọjá kí á tó dé ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Igi àgbọn kan ni wọ́n gbé lé e lórí, òun ni wọ́n ń pè ní afárá. Bí òjò bá rọ̀ lórí òkè, odò á gbé igi náà lọ sínú òkun, ó di ìgbà tí àwọn ọkùnrin bá gé òmíràn. Ó lé ní ọdún márùn-ún báyìí tí Rina, ọmọ Noselin, rọbí lọ́jọ́ tí odò kún. Wọn kò rí ọ̀nà kọjá. Etí odò ni Rina bímọ sí, lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Noselin fi gba ọmọ. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Odò ni wọ́n wò, wọ́n sọ ọmọbìnrin náà ní Wara, omi nìyẹn ní èdè wọn.

Bí ọdún bá yí, Wara á bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Lójoojúmọ́ ni yóò máa fi ẹsẹ̀ kékeré yẹn tẹ igi àgbọn tó ń yọ̀.

Benias tó jẹ́ kánsẹ́lọ̀ láti ọdún márùn-ún wá kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ odò rí. Kavieng, olú ìlú ìpínlẹ̀, ló ń gbé. Àwọn ará oko àgbọn ló dìbò fún un, odò kò sì sí láàárín tiwọn àti ilé ìwé. Elsi ní tòun, ó ti wí lójú gbogbo ayé pé afárá ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí òun máa bèèrè ní kánsù.

Ibi tí wọ́n ti ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo òkúta ni Wasiria dé. Gbogbo agbègbè mọ̀ ọ́n sí Tíṣà. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n àjọ elétò ìdìbò gbà á kó máa rìn ká wọ́ọ̀dù, kó máa la àwọn ènìyàn lọ́yẹ̀. Ó gbé àpò lọ́wọ́, bàtà rẹ̀ kún fún iyanrìn.

"Màmá, mo gbọ́ ohùn yín láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì," ló wí. "Kí lẹ ní kí wọ́n kọ?"

"Ohun tí o gbọ́ náà ni. Nọ́ńbà ọmọ mi lẹ́ẹ̀mẹta."

"Nígbà tó kọjá ńkọ́? Ta ló kọ́ wọn?"

Noselin na ọrùn. "Ta ni ì bá tún kọ́ wọn? Méje ni nọ́ńbà Elsi nígbà yẹn. Méje, méje, méje. Kò sẹ́ni tó tàsé nínú wa."

Tíṣà Wasiria wá ibi jókòó lórí ìtì igi, ó sì gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá, mo wà lára àwọn tó ka ìbò nígbà yẹn. Ọwọ́ mi yìí ló kà á. Ìwé mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mo rí tí wọ́n kọ méje sí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ mọ ibi tí a kó wọn sí?"

"Sọ́dọ̀ Elsi."

"Inú páálí ìbò tó bàjẹ́. Òfin ní ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà nínú àlàfo mẹ́ta. Ẹni tó bá kọ ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò dìbò fẹ́nikẹ́ni. Ìbò mọ́kànlá ni Benias fi borí Elsi."

Obìnrin kan tó mú ewé dání kò rántí gbé e sílẹ̀. Elsi wo Noselin, ó tún yára wo ilẹ̀.

Noselin jókòó. Mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú páálí, mọ́kànlá ló ń bẹ láàárín òun àti afárá. Ọdún márùn-ún gbáko ló ti ń bú Benias ní òwúrọ̀, tó ń bú u ní alẹ́, tó ń pè é ní olè ìbò. Benias kò jí nǹkan kan. Noselin fúnra rẹ̀ ló da ìbò náà nù, ó tún kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe ń dà á nù.

"O ò ṣe sọ fún mi látijọ́ yìí?" ó bi í, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Mo wá lẹ́yìn ìdìbò, Màmá. Ẹ lé mi. Ẹ ní mo ti jẹ nínú ìrẹsì Benias."

Apelis tutọ́ pupa sílẹ̀. "Òótọ́ ni. Mo wà níbẹ̀. Ìgbálẹ̀ lo fi lé e."

"Ta ló bi yín?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọkàn gbogbo wọn sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n Noselin kì í ṣe ẹni tí í gba ìṣubú bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. A óò kọ mẹ́rìnlá sí àkọ́kọ́, a óò fi méjì yòókù sílẹ̀ lófìfo."

"Yóò bàjẹ́ náà ni, Màmá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ gbọ́dọ̀ kọ."

"Kí n wá kọ orúkọ ọ̀tá mi?"

"Màmá, ẹ gbọ́. Bí ẹ bá rán Rina lọ sọ́jà kó lọ ra ẹja tútù, kí lẹ máa ń sọ fún un?"

"Pé kó ra ẹja tútù."

"Bí kò bá sí ńkọ́?"

"Kó ra ẹja gbígbẹ. Bí kò bá rí gbígbẹ, kó ra ti inú agolo. Ṣé yóò wá bá mi nílé lọ́wọ́ òfo ni?"

"Ohun tí àlàfo mẹ́ta ń bi yín nìyẹn. Ìwé ìdìbò ni ọmọ tí ẹ ń rán níṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni ẹja tútù yín. Wọ́n á kọ́kọ́ ka àkọ́kọ́ gbogbo ènìyàn. Bí ẹnì kan bá ní ju ìdajì lọ, ó tán. Bí kò bá sí, wọ́n á yọ ẹni tó kéré jù lọ, wọ́n á wo ẹni tí àwọn tó dìbò fún un kọ sí ìkejì, wọ́n á fún ẹni náà ní ìwé wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe títí ẹnì kan á fi rí ju ìdajì. Níwọ̀n ìgbà tí Elsi bá ṣì wà nínú eré, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ìkejì yín. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀."

Noselin ro ọ̀rọ̀ ẹja náà. Ó wọ̀ ọ́ létí. Àyà rẹ̀ ni kò gbà.

"Ta ni ń bẹ tí mo lè kọ sí ìkejì? Benias kọ́. Nínú àwọn tó lè wọlé, ó wá ku Misek. Ẹyẹ Kékeré ni Misek. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò dìbò fún Ẹyẹ Kékeré rí."

Ibi tí Apelis ti ń dúró dè é nìyẹn. Ó dìde, ó gbọn ẹfun búáì nù lọ́wọ́, ó rìn wá síbi ààrò. Ogójì ọdún ló ti ń wá ojú ibi tí ọ̀rọ̀ òun yóò gbà wọlé.

"Ìyá Rina, bí o bá kú lónìí, ta ni yóò gbẹ́ ilẹ̀?"

"Kí lọ́rọ̀ ikú ń ṣe níbi kókò?"

"Dá mi lóhùn. Ṣé Ẹyẹ Ńlá ni?"

"Èèwọ̀ ni. Ẹyẹ kì í sin ara rẹ̀."

"Àwa Ẹyẹ Kékeré ni. Àwa la máa gbẹ́ ilẹ̀, àwa la máa gbé ọ, àwa la máa dáná fún àwọn tó wá ṣọ̀fọ̀. O lè gbé òkú rẹ lé wa lọ́wọ́, o ò lè gbé àlàfo kejì lé wa lọ́wọ́?"

Ìyá àgbàlagbà kan ní ẹ̀gbẹ́ iná rọra ní, "Noselin, ọkùnrin yìí mú ọ lónìí."

Noselin wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. "Ó ti pẹ́ tó ti ń há a sórí ni," ló wí.

Bí wọ́n ṣe ń tú oúnjẹ ni Demas, ọkọ Rina, ń di àpò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Kavieng lọ wo bọ́ọ̀lù, wọn kò sì ní padà kí ìdìbò tó kọjá.

"Màmá, ìdìbò wọ́ọ̀dù lásán ni," ló wí. "Èyí tó ṣe pàtàkì ni ti àwọn ọ̀gá ní Pọ́ọ̀tì Mọ́síbì, olú ìlú wa. Mo máa ń dì í."

"Demas, ọ̀gá Pọ́ọ̀tì Mọ́síbì tí o dìbò fún, ó mọ orúkọ odò wa?"

"Kò lè mọ̀ ọ́n, Màmá."

"Ó mọ ibi tí ìyàwó rẹ bímọ sí?"

Demas tẹjú mọ́ okùn àpò rẹ̀.

"Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwọ ń wá ẹ̀ṣọ́ ní ìta, ìdí rẹ sì ṣí sílẹ̀ nílé."

Tíṣà Wasiria gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ohùn tirẹ̀ tutù díẹ̀. "Demas, gbọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ní owó afárá. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kì í rìn kiri wá odò. Láti ọwọ́ kánsù ni ìwé ẹ̀bẹ̀ ti ń gòkè dé ọ̀dọ̀ wọn, kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù ló sì ń fi orúkọ odò sínú ìwé náà. Bí kò bá fi í síbẹ̀, lọ́dọ̀ ìjọba, odò yín kò sí láyé. Ibi tó kéré jù lọ ni ìbò rẹ ti wúwo jù lọ. Ní ti orílẹ̀-èdè, o jẹ́ ẹnì kan nínú ọ̀kẹ́ àìmọye. Níbí, ènìyàn mọ́kànlá ló gba afárá lọ́wọ́ yín."

Demas dúró pẹ̀lú àpò lọ́wọ́. Wara wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń lá omi àgbọn lọ́wọ́. Demas wo ọmọ náà. Ó gbé àpò sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Noselin ṣe ohun tí abúlé ṣì ń sọ títí di òní. Ó ró aṣọ mọ́ra, ó gbé agbọ̀n kókò lérí, ó rìn gba etí òkun lọ sí ìpẹ̀kun tí ìyá Misek ń gbé. Sirin ni orúkọ rẹ̀. Òun àti Noselin jọ dàgbà ni, wọ́n sì ti jọ ń jà láti kékeré.

"Ta ló kú?" ni Sirin bi í láti ẹnu ọ̀nà.

"Kò sẹ́ni tó kú. Mo gbé kókò wá."

"Ìwọ gbé kókò wá fún mi. Ẹnì kan ti kú."

Noselin jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ẹ̀bi ara rẹ̀ pamọ́: méje lẹ́ẹ̀mẹta, mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú páálí, mọ́kànlá tí Benias fi borí. Ó mọ̀ pé Sirin á fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó dúró dè é.

Sirin kò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ pa eṣinṣin kan lórí orúnkún. "Nọ́ńbà Misek lẹ́ẹ̀mẹta náà ni mo ní kí tiwa kọ," ló wí nígbà tó yá.

"Ìwọ náà?"

"Mo gbọ́ pé bí ẹ̀yin ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ṣé kí Ẹyẹ Ńlá fẹ́ràn ọmọ wọn ju bí a ṣe fẹ́ràn tiwa lọ ni?"

Noselin wò ó. Sirin náà wò ó. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Noselin, àwọn arúgbó méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì yìí, kòtò kan náà ni wọ́n jọ jìn sí, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ síra wọn nínú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún.

"Misek ni àkọ́kọ́ mi," ni Sirin wí. "Má ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀ mí."

"N kò wá bẹ̀ ọ́. Elsi ni tèmi. Ìkejì ni mo wá bá ọ sọ: kí tiwa kọ Misek, kí tiyín kọ Elsi. Ọmọ rẹ pàápàá ń kọjá lórí igi yẹn lọ gba oògùn."

"Mo lè dá a lábàá fún àwọn ènìyàn mi. N kò lè di ọwọ́ wọn mú."

"Èmi náà kò lè di tàwọn tèmi mú. Tíṣà ní ọwọ́ oníkálukú ni."

"Wo ẹnu Noselin bó ṣe ń sọ pé ọwọ́ oníkálukú ni. Gbé kókò yẹn wọlé, oòrùn ń pa á."

Ọjọ́ ìdìbò pé. Wọ́n na tapólì sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lẹ àwòrán àwọn tó ń dupò mọ́ pátákó, nọ́ńbà oníkálukú lábẹ́ rẹ̀. Odò kò kún, ṣùgbọ́n Demas àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró létí igi àgbọn láti àárọ̀, wọ́n ń fa àwọn arúgbó tó ń ti òdìkejì bọ̀ lọ́wọ́ kọjá.

Nígbà tó kan Noselin, ó wọ ẹ̀yìn páálí tí wọ́n fi bo ibi ìdìbò lọ. Ó kọ mẹ́rìnlá sí àlàfo àkọ́kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ sáré lọ sí ìkejì, ó fẹ́ tún un kọ. Ó dá ọwọ́ náà dúró bí ẹni di ewúrẹ́ mú. Ó ronú kan ilẹ̀ tí wọn yóò gbẹ́ fún un lọ́jọ́ kan. Ó kọ mẹ́sàn-án, nọ́ńbà Misek. Ìkẹta, ó fi í fún nọ́ńbà méjì, ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì kan tó máa ń kí i dáadáa.

Nígbà tó jáde, Sirin ń bọ̀ lórí ìlà. Sirin kàn gbé ìka mẹ́ta sókè, ìka tí ọ̀kan kò jọ èkejì.

Wọ́n ka ìbò. Lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ àwọn tó kéré, ó ku mẹ́ta. Benias ní mọ́kànléláàádóje, Elsi ní méjìdínlọ́gọ́fà, Misek ní mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Ká ní ẹni tó kàn ní ìbò jù ló ń wọlé, Benias á ti máa yọ̀ padà sí Kavieng. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní ju ìdajì lọ. Wọ́n yọ Misek, wọ́n wo ìkejì àwọn tó dìbò fún un. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sọ́dọ̀ Benias. Mọ́kàndínlọ́gọ́rin lọ sọ́dọ̀ Elsi.

Elsi, mẹ́tadínnígba. Benias, mẹ́rìndínláàádọ́jọ.

Misek ló kọ́kọ́ bọ Elsi lọ́wọ́. "Àbúrò, afárá," ló wí.

Nínú páálí ìbò tó bàjẹ́, mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀. Tíṣà Wasiria ní ọ̀kan nínú mẹ́rin náà ní mẹ́rìnlá lẹ́ẹ̀mẹta. Noselin bojú wẹ̀yìn wo ọkọ rẹ̀. Apelis ń wá ẹfun nínú àpò, ó ń wá a kíkankíkan. Ẹyẹ Kékeré tó fẹ́ràn ọmọ ìyàwó rẹ̀ jù. Noselin kò bi í. Ìbò oníkálukú, àṣírí rẹ̀ ni.

Afárá kò já bọ́ láti ọ̀run lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ń pa irọ́. Elsi fi orúkọ odò sínú ìwé kánsù, ó lọ jókòó sí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì dá ọjọ́ fún un tí wọn kò mú un ṣẹ. Ọdún náà yí. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ̀yìn Demas ni Wara fi kọjá odò lọ sílé ìwé. Ní oṣù karùn-ún, ọkọ̀ já pákó àti irin sétí ọ̀nà. Ẹyẹ Ńlá gbé orí pákó, Ẹyẹ Kékeré gbé ìdí rẹ̀.

Wara ló kọ́kọ́ dá kọjá lórí afárá náà, bàtà lọ́wọ́, torí kò fẹ́ kí ó dọ̀tí. Ó dé àárín, ó dúró, ó wo omi tó ń ṣàn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, omi tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó wá ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀. Ẹ má jókòó sílé lọ́jọ́ ìdìbò wọ́ọ̀dù àti ti ìpínlẹ̀ kí ẹ ní ti àwọn ọ̀gá òkèèrè nìkan lẹ mọ̀. Odò ẹnu ọ̀nà yín, ọ̀gá òkèèrè kò ní wá wẹ̀ níbẹ̀. Kí ẹ tó dìbò, ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe ń dì í lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, torí ìfẹ́ tí kò mọ òfin, inú páálí ló máa ń sùn. Níbi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ kọ mẹ́ta, ẹ kọ ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì ro ìkejì yín bí ẹ ṣe ro àkọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni lè gbà yín nímọ̀ràn, ọkọ ni o, ìyá ni o, olórí ẹbí ni o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn páálí, ẹ̀yin nìkan lẹ máa wà níbẹ̀.

Bí ìgbálẹ̀ bá sì wà lọ́wọ́ yín nígbà tí Tíṣà bá dé, ẹ fi gba ilẹ̀ kó rí ibi jókòó.